Ọmọ Ajá Ńlá Kì í Ṣe Àgbà Ajá: Irú Eré Wo Ló Yẹ Ẹ́?

  Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá sára ògiri wa lọ́tẹ̀ yìí jẹ mọ́ ọmọ ajá. Kì í ṣe gbogbo ajá o. Àwọn tí wọ́n máa ń dàgbà di ràbàtà ni mo ń bá wí: Alsatian, Rottweiler, Boerboel, Caucasian àti àwọn àdàlù wọn.

Ẹ lè bi mí pé, kí ló kàn wá nínú rẹ̀? Ó kàn wá gan-an ni. Ẹ wo àdúgbò wa. Ilé tó bá ti ní géètì báyìí, ajá ló ń ṣọ́ ọ. Nítorí olè, àwọn bàbá wa ń fi owó gọbọi ra ọmọ ajá. Ṣùgbọ́n ta ló ń fún un lóúnjẹ? Ta ló ń gbá ilé rẹ̀? Ta ni wọ́n máa ń pè láàárọ̀ Sátidé pé, “Ìwọ, dìde ńlẹ̀, mú ajá yẹn lọ nasẹ̀”? Àwa ọmọ ni. Ọwọ́ wa ni okùn ajá wà, nítorí náà ọwọ́ wa ni ẹsẹ̀ ajá náà wà pẹ̀lú. Kò sì sí ẹni tó jókòó kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń mú un jáde.

Ohun tí gbogbo èèyàn máa ń sọ ni pé, “Ẹ jẹ́ kó máa sáré dáadáa, kí eegun rẹ̀ lè le.” Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ó sì jọ òótọ́. Bí ẹ bá sọ ọ́ fún ajá tó ti pé ọdún 2, kò burú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ ọ́ fún ọmọ ajá ńlá tó jẹ́ oṣù 5, ó lè sọ ajá náà di atiro títí ayé rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀

Nígbà tí wọ́n bá bí ọmọ Rottweiler tàbí ọmọ Alsatian, kò wúwo ju nǹkan bí ìdajì kílò lọ. Bí akọ Rottweiler bá dàgbà tán, ó lè wọn kílò 50. Boerboel tí wọ́n ń sìn ní South Africa tún lè ju kílò 60 lọ, ìyẹn ni pé ó wúwo tó géńdé ọkùnrin. Ẹ fi ìdajì kílò pín 50 wò. Ọgọ́rùn-ún ni. Ajá náà di ìlọ́po 100 ohun tó jẹ́ nígbà tí wọ́n bí i, kò sì gbà á ju nǹkan bí ọdún kan àbọ̀ sí ọdún 2 lọ.

Ẹ wá wo àwa èèyàn. Bí wọ́n bá bí ọmọ ní kílò 3, tó sì di kílò 60 nígbà tó pé ọmọ ọdún 18, ìlọ́po 20 péré ni. Ọdún 18 ló sì gbà. Èyí ló jẹ́ kí n sọ pé ìdàgbà ọmọ ajá ńlá kì í ṣe kékeré. Ara rẹ̀ ń sáré dàgbà tẹ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lé e sáré lójú títì.

Eegun tí kò tíì gbó

Gbogbo wa la ti jẹ orí eegun adìyẹ rí. Ẹ rántí ibi funfun kan lórí eegun yẹn, tó rọ̀ díẹ̀, tó máa ń dún kèrékèré bí a bá ń rún un lẹ́nu. Ìyẹn kì í ṣe eegun gidi, eegun rírọ̀ ni. Nínú ẹ̀kọ́ Báyọ́lọ́jì, a kọ́ pé inú irú eegun rírọ̀ báyìí ni eegun gígùn ti ń dàgbà. Ọmọ ajá náà ní i nítòsí ìpẹ̀kun méjèèjì àwọn eegun ẹsẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni eegun ti ń gùn sí i lójoojúmọ́. Mo máa pe ibẹ̀ ní ojú ìdàgbà nínú àpilẹ̀kọ yìí, kó lè rọrùn.

Ojú ìdàgbà yìí kò lágbára tó eegun tó ti gbó. Kódà, kò lágbára tó àwọn iṣan tó so oríkèé pọ̀. Bí àgbà ajá bá fẹsẹ̀ gún ilẹ̀ lódì, iṣan rẹ̀ lè fà, kó sinmi fún ìgbà díẹ̀, kó sì san. Bí ọmọ ajá bá ṣe irú rẹ̀, ojú ìdàgbà ló máa ń forí gbá a. Bí ibẹ̀ bá sì bàjẹ́, ó lè ṣíwọ́ dídàgbà kí àsìkò rẹ̀ tó tó. Apá iwájú ajá ní eegun méjì tí wọ́n jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bíi ti apá tiwa. Bí ọ̀kan bá ṣíwọ́ tí èkejì ṣì ń gùn, kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀? Ẹsẹ̀ máa wọ́ ni. Kò sí bí a ṣe lè fi epo àti òrí ra irú ìyẹn kó nà.

Nígbà wo ni ojú ìdàgbà máa wá di eegun gidi? Nínú àwọn ajá kéékèèké, ó sábà máa ń parí kí wọ́n tó pé ọdún kan. Nínú àwọn ajá ńlá, ó máa ń tó oṣù 12 sí 18, àwọn tó tóbi jù lọ lè kọjá bẹ́ẹ̀. Ibí yìí gan-an ló ti ń ṣini lọ́nà. Boerboel tó jẹ́ oṣù 8 ti ga, àyà rẹ̀ ti fẹ̀, ohùn rẹ̀ ti ki, àlejò ti ń sá fún un. Gbogbo èèyàn á ní ó ti dàgbà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ó ga bí àgbà ajá lóòótọ́, ṣùgbọ́n eegun àgbà kò tíì sí lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìbàdí

Ìṣòro kejì wà ní ìbàdí. Ẹ fojú inú wo odó àti ọmọ odó. Orí eegun itan ajá rí roboto bí ìdí ọmọ odó, ó sì wọnú ihò kan ní ìbàdí tó dà bí inú odó. Bó bá wọlé dáadáa, tó fún mọ́ra, ajá á máa rìn, á máa sáré, kò ní sí wàhálà. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ajá ńlá kan, ó máa ń dẹ̀. Ọmọ odó á máa mì jìgìjìgì nínú odó. Bí ajá náà ṣe ń dàgbà, tó ń wúwo sí i, orí eegun á máa ha etí ihò yẹn, méjèèjì á sì pàdánù bí wọ́n ṣe yẹ kó rí. Tó bá yá, làkúrègbé á dé. Àwọn dókítà ẹranko máa ń pe àrùn yìí ní hip dysplasia.

Àrùn yìí máa ń wá láti ara bàbá àti ìyá ajá. Nítorí náà, kì í ṣe eré sísá nìkan ló ń fà á. Ṣùgbọ́n ìwúwo ara, oúnjẹ àti irú eré tí ajá ń ṣe nígbà tó wà lọ́mọdé wà lára ohun tó ń sọ bóyá ó máa le tàbí kò ní le púpọ̀.

Àwọn onímọ̀ ní orílẹ̀-èdè Norway ṣe ìwádìí kan tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2012. Wọ́n tẹ̀ lé nǹkan bí ajá 500 láti inú ẹ̀yà ajá ńlá mẹ́rin. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọ ajá tó ń gun àtẹ̀gùn lójoojúmọ́ kí wọ́n tó pé oṣù 3 ni àrùn ìbàdí yìí pọ̀ sí lára. Àwọn tí wọ́n sì jẹ́ kó máa rìn kiri fúnra wọn níta, lórí ilẹ̀ tó rọ̀ tí kò sì tẹ́jú jù, ni tiwọn dín kù.

Ẹ kíyè sí i dáadáa. Ìwádìí yẹn kò sọ pé ká má jẹ́ kí ọmọ ajá ṣeré. Òdìkejì ló sọ: eré dáa fún un. Irú eré náà ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀.

Ajá kan ní àdúgbò wa

Ní ọ̀nà ilé wa, ẹnì kan ra akọ Boerboel kan. Ajá náà wuyì gan-an. Kó tó pé oṣù 6 ni wọ́n ti ń so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ láàárọ̀ kùtù, á máa sáré tẹ̀ lé e lójú ọ̀dà títí wọ́n á fi dé ìkóríta, wọ́n á sì tún sáré padà. Àwọn èèyàn máa ń yìn ín pé, “Ajá yìí máa lágbára o!” Nígbà tó máa fi tó oṣù 10, ó ti ń ṣòro fún un láti dìde nílẹ̀. Ó máa kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ iwájú wọ́ ara rẹ̀ kí ìdí tó gbéra. Nígbà tí wọ́n ya àwòrán eegun rẹ̀, dókítà ẹranko ní ìbàdí rẹ̀ ò dáa láti ìbẹ̀rẹ̀, eré ojú ọ̀dà ló wá dá kún un. Ajá tí wọ́n rà láti máa lé olè kò lè lé ewúrẹ́ mọ́. Wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn, a ò sì rí i mọ́.

Ẹni tó ni ín kì í ṣe ìkà. Ó fẹ́ràn ajá náà, ó sì ń jí ní agogo márùn-ún ààbọ̀ nítorí rẹ̀. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ẹni tó ń ya ọ̀lẹ, tí kì í mú ajá rẹ̀ sáré, kò ní ṣe irú ìpalára yẹn. Àwọn tó ń ṣaápọn jù ni ewu yìí ń wu.

Ta ló ń yan eré?

Bí mo bá fẹ́ fi gbólóhùn kan sọ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, èyí ni màá sọ: eré tí ọmọ ajá bá yàn fúnra rẹ̀ kì í sábà pa á lára, eré tí a bá fipá yàn fún un ni kí a ṣọ́ra fún.

Ẹ wo ọmọ ajá tó ń ṣeré fúnra rẹ̀ nínú àgbàlá. Á sáré díẹ̀, á dúró. Á gbóòórùn ewé. Á lé labalábá, á tún dùbúlẹ̀. Bó bá rẹ̀ ẹ́, á sùn. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ṣùgbọ́n bí a bá fi okùn sí i lọ́rùn tí a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, kò ní dúró. Ajá fẹ́ràn olówó rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Bó rẹ̀ ẹ́, á máa tẹ̀ lé ọ. Bó ń dùn ún, á máa tẹ̀ lé ọ. Nígbà tó máa fi dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ti kọjá agbára rẹ̀ tipẹ́.

Ẹnì kan nínú kíláàsì wa bi mí pé, “Àwọn ajá ọdẹ ńkọ́? Ṣebí inú igbó ni wọ́n ń sáré kiri?” Ìbéèrè gidi ni. Ajá ìbílẹ̀ wa fúyẹ́, kì í tóbi tó àwọn tí mò ń sọ, eegun rẹ̀ sì tètè máa ń gbó jù tiwọn lọ. Orí ewé àti ilẹ̀ rírọ̀ ló ń sá, ó sì ń dúró nígbà tó bá wù ú. Ìyẹn kò jọ kílò 30 tó ń fi ẹsẹ̀ gbá ọ̀dà kì-kì-kì fún odindi ìṣẹ́jú 40.

Àwọn eré tí kò yẹ ọmọ ajá ńlá

Kó tó pé ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi àwọn nǹkan wọ̀nyí dán an wò:

1. Sísáré ọ̀nà jíjìn lójú ọ̀dà tàbí lórí kọnkéré, yálà ẹ jọ ń sá ni o, tàbí ẹ so ó mọ́ kẹ̀kẹ́ tàbí ọ̀kadà.

2. Gígun àtẹ̀gùn lọ sókè-sódò lójoojúmọ́. Bó bá jẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ ń gbé, ẹ máa gbé e nígbà tó ṣì kéré, tàbí kí ẹ ṣe ibùsùn rẹ̀ sísàlẹ̀.

3. Fífò láti ibi gíga: láti orí àga, láti orí pèpéle, láti ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹ máa gbà á sọ́wọ́ tó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀.

4. Jíju bọ́ọ̀lù sókè kó máa fò mú un, tàbí jíjù ú léraléra kó máa sáré, kó máa tú bìrí. Ibi tó ti ń yí bìrí yẹn ni oríkèé ti ń jìyà.

5. Sísáré lórí táìsì tó ń yọ̀. Ilé wa pọ̀ tí ó jẹ́ táìsì láti pálọ̀ dé yàrá. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọmọ ajá bá ń yà sọ́tùn-ún sósì, ìbàdí ló ń fà. Ẹ tẹ́ ẹní tàbí kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ síbi tó máa ń gbà kọjá.

6. Bíbá àgbà ajá jàkadì. Àgbà ajá lè fi ara lù ú láìmọ̀.

Àwọn eré tó dáa fún un

Ẹ jẹ́ kó máa ṣeré fúnra rẹ̀ lórí koríko, yanrìn tàbí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ọgbà. Èyí ló ṣáájú gbogbo rẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mélòó kan lóòjọ́, sàn ju ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó gùn lọ.

Ẹ mú un rìn pẹ̀lú okùn, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kó máa gbóòórùn nǹkan. Ẹ má máa fà á pé, “Jẹ́ ká lọ jàre!” Imú ni ajá fi ń kàwé. Bó bá ti gbóòórùn nǹkan tó pọ̀, ọpọlọ rẹ̀ á rẹ̀ ẹ́ dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò rìn jìnnà. Á padà délé, á sùn fọnfọn.

Ẹ kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́: jókòó, dúró, máa bọ̀. Ìṣẹ́jú 5 péré ti tó lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ègé ẹran kékeré láti fi yìn ín. Ẹ tún lè fi oúnjẹ rẹ̀ díẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ike tàbí sínú koríko kó máa wá a.

Báwo ni rírìn pẹ̀lú okùn ṣe gbọ́dọ̀ pẹ́ tó? Àwọn tó ń sin ajá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní òdiwọ̀n kan tó ti tàn káàkiri: ìṣẹ́jú 5 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tí ọmọ ajá ti lò láyé, ó pọ̀ jù ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Ìyẹn ni pé ọmọ oṣù 3, ìṣẹ́jú 15; ọmọ oṣù 4, ìṣẹ́jú 20; ọmọ oṣù 6, ìṣẹ́jú 30. Kì í ṣe òfin tó wá láti inú ìwádìí o, òdiwọ̀n tó ń ràn wá létí láti má ṣe àṣejù lásán ni. Kò sì kan eré tó ń ṣe fúnra rẹ̀ nínú ọgbà. Bó bá jókòó lójú ọ̀nà kí ìṣẹ́jú náà tó pé, ẹ má wo aago mọ́, ẹ padà sílé.

Nígbà tó bá pé ọdún kan àbọ̀, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í mú un sáré, díẹ̀díẹ̀. Ẹ sáré ìṣẹ́jú 2, ẹ rìn ìṣẹ́jú 5. Bó ṣe ń mọ́ ọn lára lẹ ó máa fi kún un. Bó bá jẹ́ ẹ̀yà tó tóbi jù lọ ni, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ dókítà ẹranko.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má kà èyí tán kó lọ ti ọmọ ajá mọ́nú ilé rẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́ o. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí, wọ́n á ní kó lè burú sí olè ni. Ajá tí kò bá rìn, ẹran ara rẹ̀ kò ní lágbára, ẹran ara yìí ló sì ń di oríkèé mú. Yóò tún máa bẹ̀rù gbogbo nǹkan. Ajá tó ń bẹ̀rù ló máa ń ṣèèṣì bu ọmọ onílé jẹ.

Oòrùn àti ọ̀dà

Ajá kì í làágùn bíi tiwa. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ti ń làágùn, ìwọ̀nba díẹ̀ sì ni. Mímí hẹlẹhẹlẹ pẹ̀lú ahọ́n níta ló fi ń lé ooru jáde. Ẹ wá ro ti Caucasian, tí irun rẹ̀ nípọn nítorí òtútù orí òkè tí ẹ̀yà rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Bí a bá mú irú èyí jáde ní agogo méjì ọ̀sán nígbà ẹ̀rùn, ikú là ń pè.

Kí agogo méje àárọ̀ tó lù tàbí lẹ́yìn agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló dáa jù. Kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé ojú ọ̀dà, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ yín lé e kí ẹ sì ka ení, èjì, títí dé èje. Bí ẹ ò bá lè fara dà á, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ náà ò lè fara dà á. Ẹ mú omi dání. Bó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ tí kò dáwọ́ dúró, tí itọ́ rẹ̀ ń ki, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹ gbé e sábẹ́ ibòji, ẹ da omi sí i lára, ẹ fẹ́ ẹ lábẹ̀bẹ̀, kí ẹ sì wá dókítà kíákíá.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára kọ́kọ́

Kí ọmọ ajá tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ tán, kò gbọdọ̀ máa fi ẹsẹ̀ rìn ní títì tàbí níbi tí àwọn ajá mìíràn ń gbà. Àrùn pávò wà, tó ń fa èébì àti ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, tó sì ń pa ọmọ ajá láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kòkòrò rẹ̀ lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Abẹ́rẹ́ náà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, wọ́n á máa tún un gbà títí dé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16. Ti dìgbòlugi náà wà níbẹ̀, ẹ má gbàgbé, nítorí àrùn yìí ń pa èèyàn.

Ní àkókò yìí, inú ọgbà ni kó ti máa ṣeré. Ẹ lè gbé e mọ́ra jáde kó máa rí ọ̀kadà, kó máa gbọ́ ariwo ọjà, kó má báa máa bẹ̀rù tó bá dàgbà. Ó máa wúwo o, ṣùgbọ́n eré ìdárayá tiyín nìyẹn.

Oúnjẹ náà wà níbẹ̀

Kò sí bí a ṣe lè sọ̀rọ̀ eegun ká má mẹ́nu ba oúnjẹ. Àwa fẹ́ràn kí ọmọ ajá sanra rọ̀bọ̀tọ̀, ká lè ní ó ń jẹun kánú. Ọ̀rá yẹn, orí ìbàdí rírọ̀ ló ń gbé e lé. Ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ tọ́jú ajá Labrador 48 láti kékeré títí wọ́n fi kú. Wọ́n pín wọn ní méjì-méjì. Ẹnìkejì ń jẹ oúnjẹ tó fi ìdá mẹ́rin dín sí ti ẹnìkíní. Nínú àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní 2002, àwọn tó jẹ díẹ̀ fi nǹkan bí ọdún méjì pẹ́ láyé ju àwọn tó jẹ àjẹyó lọ, ìrora oríkèé sì pẹ́ kó tó bá wọn.

Ẹ fi ìka ra ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó yẹ kí ẹ lè mọ eegun ìhà rẹ̀ lára láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kó má yọ síta gàn-ùn gàn-ùn.

Bákan náà, ẹ má kàn lọ ra kálísíọ̀mù ní kẹ́míìsì kí ẹ máa dà á sí i lóúnjẹ. Ìfun ọmọ ajá kékeré kò lè kọ èyí tó bá pọ̀ jù, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló máa ń gbà wọlé, ó sì lè mú kí eegun dàgbà lódìlódì. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀bà àti ìrẹsì nìkan ló ń jẹ, tirẹ̀ lè má tó. Nítorí náà, dókítà ẹranko ló yẹ kó sọ ohun tó nílò, kì í ṣe ẹni tó ń ta ọjà.

Àmì tó yẹ ká máa wò

Bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí, ẹ dá eré dúró:

Ó ń tiro ju ọjọ́ kan lọ. Ó máa ń ṣòro fún un láti dìde lẹ́yìn tó bá sùn. Bó bá ń sáré, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì jọ ń gbéra pọ̀ bí ìgbà tí ehoro ń fò. Ìdí rẹ̀ ń mì sọ́tùn-ún sósì tó bá ń rìn. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ń wọ́. Ó ń kígbe tàbí ó ń kùn bí ẹ bá fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọ ajá tó máa ń sáré pàdé yín ní géètì wá jókòó, ó kàn ń wò yín.

Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ilé ìwòsàn àwọn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, òmíràn wà ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, àwọn dókítà ẹranko aládàáni sì wà káàkiri. Ẹ má fún un ní oògùn ìrora tí èèyàn ń lò láé. Ibuprofen tí à ń lò sí ẹ̀fọ́rí lè ba inú àti kíndìnrín ajá jẹ́, paracetamol náà sì léwu fún un.

Báwo la ṣe máa sọ ọ́ fún àwọn àgbà?

Mo mọ̀ pé ohun tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyí. Bí bàbá ẹni bá ní, “Mú ajá yẹn sáré dé ìkóríta,” ta ló máa ní rárá? Kò ní dáa ká dúró síwájú àgbà ká máa wí pé ohun tí wọ́n sọ kò tọ̀nà. Ṣùgbọ́n a lè fi ọgbọ́n sọ ọ́. A lè ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Dádì, owó tí ẹ fi ra ajá yìí pọ̀. Mo kà á pé eegun rẹ̀ kò tíì gbó, kí á máa mú un rìn ná títí yóò fi pé ọdún kan àbọ̀. Bó bá tún yá tí ẹ bá ń lọ gba abẹ́rẹ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ ká jọ bi dókítà.” Bí dókítà bá ti bá wa sọ ọ́, ọ̀rọ̀ bùṣe. Àgbà tó bá ti gbọ́ pé owó òun fẹ́ ṣòfò á tẹ́tí.

Ajá ńlá tí a bá tọ́jú dáadáa lè lo nǹkan bí ọdún 10 nínú ilé. Oṣù 18 péré là ń bẹ̀bẹ̀ fún nínú rẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ajá ṣe ọmọdé rẹ̀ tán. Ìgbà tí yóò máa lé olè ń bọ̀ wá, ẹsẹ̀ mẹ́rin tó le ni yóò sì fi lé e.

Ẹni tó bá ní ọmọ ajá nílé tó sì fẹ́ béèrè nǹkan, kó kọ ọ́ sínú ìwé kó fi há ìsàlẹ̀ ògiri yìí. Èyí tí mo bá lè dáhùn, màá dáhùn. Èyí tó bá ju agbára mi lọ, a jọ máa gbé e lọ bá olùkọ́ Báyọ́lọ́jì wa.